Ẹ Jẹ́ Kí Àǹtí Sinmi

Àná ni dókítà gbé ọlẹ̀ sínú ilé ọmọ. Láti ìgbà náà, Àǹtí ò kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́.

Ó sín. Màmá, ìyá ọkọ rẹ̀, ta gìrì.

"Rọra sín o, ìyàwó mi. O ti ń di ìyá ọmọ."

Èmi àbúrò rẹ̀ ń gbé tẹlifíṣọ̀n gun àtẹ̀gùn bọ̀, kí ìsinmi má bàa sú u.

"Rọra rìn, ìwọ," Màmá jágbe mọ́ mi. "Ṣé o ò rí i pé ó ń sinmi ni?"

Fóònù dún. Dókítà ni. Àǹtí fi í sí sípíkà kí gbogbo wa lè gbọ́.

"Mò ń sinmi o, dókítà," Àǹtí ń kérora.

"Ó dáa, mà. Àbúrò yín tí a gbé ọlẹ̀ yín sí nínú ńkọ́? Ó lè máa rìn o, kó ṣáà má gbé ohun tó wúwo."

Wọ́n wò mí. Tẹlifíṣọ̀n ṣì wà láyà mi.

Màmá gba fóònù.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, dókítà. Ìyẹn ò tíì jókòó látàárọ̀."