Ahọ́n Tí Kì í Jẹ̀bi

Thoan kì í jẹ̀bi. Àrùn tirẹ̀ nìyẹn kí àrùn gidi tó dé. Ní Phan Thiết níbí, ìlú etíkun wa, òun la máa ń pè wá tọ́ omi ẹja oníyọ̀ tí a fi ń sebẹ̀ wò kí a tó ṣí àgbá rẹ̀ fún títà, ohun tí ahọ́n rẹ̀ bá sì ti sọ, abẹ gé e. Iyì yìí ló gùn ún lórí.

Lọ́jọ́ kan, ó tọ́ ọbẹ̀ tí Nhiên, ìyàwó ọmọ rẹ̀, sè wò, ó sì tu ú dànù.

"Ṣé omi òjò lo bù fún mi ni?"

"Màmá, omi ẹja inú àgbá yín náà ni mo fi sè é."

"Òpùrọ́! Wọn ò kọ́ ẹ lọ́bẹ̀ sísè nílé yín."

Láti ọjọ́ náà, Thoan a máa da omi ẹja lé ìrẹsì títí yóò fi dúdú. Èmi aládùúgbò wọn jẹun níbẹ̀ lọ́jọ́ ọdún. Ọbẹ̀ Nhiên dùn, gbogbo wa ló mọ̀, ṣùgbọ́n a wolẹ̀, a ń jẹun lọ. Ojú ń tì mí di òní.

Nhiên nìkan ló sọ̀rọ̀.

"Màmá, ẹ ní ẹnu yín ń korò bí irin. Ojú yín sì ń wú láràárọ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ rí dókítà. Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú."

"Ìwọ lo fẹ́ kí n kú! Ahọ́n ogójì ọdún ni kò mọ iyọ̀ mọ́? Palẹ̀ ẹrù ẹ mọ́!"

Ọkọ Nhiên kò gbèjà rẹ̀. Nhiên padà sílé àwọn òbí rẹ̀.

Bí a bá na ìka kan sí ẹlòmíràn, mẹ́ta yòókù ara ẹni ni wọ́n ń nà sí. Thoan fúnra rẹ̀ wá ń dáná, oúnjẹ sì tẹ́ síbẹ̀. Ó bú oníyọ̀, ó bú apẹja. Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, ó ṣubú lulẹ̀ nídìí àgbá, a sì gbé e lọ sílé ìwòsàn.

"Láti ìgbà wo loúnjẹ ti ń tẹ́ lẹ́nu yín?" Dókítà ló bi í bẹ́ẹ̀.

"Ó lé lọ́dún kan."

"Kíndìnrín yín méjèèjì ti bàjẹ́, Màmá. Ẹnu yín ló kọ́kọ́ ń sọ fún yín. Iyọ̀ tí ẹ ń dà lé e ló tún dá kún un."

Ẹ̀rọ ló ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀ fún oṣù mẹ́rin. Lọ́jọ́ kan, ó ní kí n bá òun pe Nhiên lórí fóònù.

"Nhiên, ọbẹ̀ ẹ dùn. Ahọ́n mi ló ti kú."



"Mo ti dárí jì yín, Màmá. Ṣùgbọ́n mo ti wà nílé ọkọ mìíràn."

Lọ́sẹ̀ kejì, a sin Thoan.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ nìyí: bí oúnjẹ tó dùn lẹ́nu gbogbo ará ilé bá ń tẹ́ lẹ́nu yín fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ má dá alásè lẹ́bi, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Kì í ṣe gbogbo àrùn ńlá ló ń fi ìrora bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sì mọ òótọ́, tí ẹ wolẹ̀ tí ẹ ń jẹun bíi tèmi, ẹ la ẹnu yín kí ó tó pẹ́ jù. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.