Òjìji Láyíwọlá

Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣú nígbà tí Láyíwọlá, àbúrò ọkọ mi, wá láti ṣú mi lópó. Ó jókòó, ṣùgbọ́n òjìji rẹ̀ lára ògiri dúró díẹ̀ kó tó jókòó.

"Ìyàwó, ọ̀fọ̀ ti tó. Èmi ni kó o fẹ́."

Mo wò ó bí ẹni ń wo ìdin lára ẹran. Tìmótì ọkọ mi kì í gba ọ̀nà àpáta lọ sóko. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo tó fẹ́ gbà á, èmi àti Láyíwọlá nìkan ló sọ fún, ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn apànìyàn ti dè é. Kí wọ́n tó gbé òkú dé, Láyíwọlá ti lọ bẹ káfíńtà fún pósí. Àwọn ọlọ́pàá sọ pé ìfura lásán ni, kò sẹ́ni tó rí i.

"Akọ̀wé," orúkọ tí mo sọ ọ́ nígbà tí mo jẹ́ ìyàwó tuntun nìyẹn, "ta lẹ sọ fún pé ọ̀nà àpáta ló máa gbà?"

"Èmi kẹ̀? Ọlọ́run gbọ́, n ò sọ fẹ́nì kankan!"

Ó na ọwọ́ sókè. Òjìji rẹ̀ kò na ọwọ́.

"Kí lò ń wò lẹ́yìn mi?"

"Ẹni tó nítìjú jù yín lọ ni. Ẹ máa lọ, n ò fẹ́ yín."

Ó pòṣé, ó jáde, ó sì ti ilẹ̀kùn gbàgà. Mo gbọ́ ikọ́ rẹ̀ títí ó fi dé ojú títì.

Òjìji rẹ̀ kò bá a lọ. Ó sọ̀kalẹ̀ lára ògiri wẹ́rẹ́, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú mi.