Ọwọ́ Tó Ń Na Sípánà

Látúndé dùbúlẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ tó kú mọ́ ọn lọ́wọ́ ní ọ̀nà aginjù, ó ń bú ọmọ rẹ̀ obìnrin bó ṣe ń tú nọ́ọ̀tì.

“Nọ́ńbà mẹ́rìnlá ni mo ní kó o na sí mi, Àwẹ̀ró. Orí táyà ní ṣọ́ọ̀bù mi lo ti kọ́ ìrìn, o ò sì tíì mọ sípánà. Ta ni màá wá fi iṣẹ́ yìí lé lọ́wọ́?”

Ilẹ̀ ń ṣú. Láti ìgbà náà, gbogbo sípánà tó nílò ń bọ́ sí i lọ́wọ́ kó tó dárúkọ rẹ̀, wọ́n sì tutù nini.

Ó pòṣé. “Ìgbà tí mo bú ẹ lorí ẹ tó pé.”

Ohùn Àwẹ̀ró dáhùn láti ọ̀ọ́kán, níhà odò.

“Bàbá mi, ẹ má bínú. Omi tí a máa bù sí ẹ́ńjìnnì ni mo lọ pọn.”

Látúndé wo ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Kò rí ẹsẹ̀ kankan. Ọwọ́ tó ń na sípánà sí i ṣì wà lábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú rẹ̀.