Ohun Tí Aláìsàn Bá Lè Ṣe

"Gbé ọwọ́ ẹ kúrò lára bọ́tìnì mi!"

Olùkọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ló ń jágbe lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Rọpárọsẹ̀ ti gba ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan ẹnu rẹ̀ ṣá.

"Ẹ má bínú, màmá," ni nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀ wí. "Ó ti tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tẹ́ ẹ ti ń bá a jà."

"Ṣebí èmi ni mo kọ́ ẹ? Kí ni tíọ́rì wa wí?"

"Ohun tí aláìsàn bá lè ṣe fúnra rẹ̀, nọ́ọ̀sì ò gbọdọ̀ bá a ṣe é."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ọmọ mi ń bọ̀ lónìí. Tó bá rí i pé mi ò ní di ẹrù sí ìyàwó ẹ̀ lọ́rùn, á mú mi lọ sílé wọn. Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe nílé tèmi? Èmi àti ògiri, a ti rí ara wa tó."

Bọ́tìnì ìkẹyìn wọlé. Bí ọmọ rẹ̀ ṣe wọlé náà nìyẹn.

Inú nọ́ọ̀sì dùn, kò lè pa á mọ́ra. "Bọ̀dá, ẹ wo màmá! Wọ́n ń dá wẹ̀, wọ́n ń dá jẹun, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dá wọṣọ tán!"

Ọmọ náà mí kanlẹ̀. "Ọpẹ́ o! A ti tún yàrá kan ṣe dè yín, màámi, a tún ń wá ẹni tí á máa tọ́jú yín. Àṣé ẹ lè dá gbé nílé yín!"

Nọ́ọ̀sì gbé ife tíì fún màmá. Kò na ọwọ́ sí i. Ó la ẹnu sílẹ̀ de ife náà.