Ojú Ìwé Bàbá Lórí Íńtánẹ́ẹ̀tì

Ní ọdún 1999, Adétóyè, tíṣà ìṣirò kan ní Ọ̀fà, ra kọ̀ǹpútà àlòkù, ó gbé e sí pálọ̀ ìyá rẹ̀. Jacob àbúrò rẹ̀ ló fà á. Jacob ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Lọ́ńdọ̀nù, Màmá a sì máa fi í yangàn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi.

"Orí Jacob pé," ni Màmá máa ń wí. "Ìwọ náà ń gbìyànjú o, Adétóyè."

Adétóyè fẹ́ kọ ojú ìwé íńtánẹ́ẹ̀tì nípa bàbá wọn tó ti dolóògbé, kí gbogbo ayé lè kà á. Lukman, tó kọ́ ọ ní kọ̀ǹpútà ní Ìlọrin, fún un ní sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Apá òsì lèèyàn ń kọ ọ̀rọ̀ àti àmì sí. Apá ọ̀tún ni ojú ìwé ti ń jáde. Ibi téèyàn bá ti ṣì í kọ á pọ́n. Ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, gbogbo rẹ̀ pọ́n bí ata. Odidi ọjọ́ mẹ́ta ló fi wá àmì kan ṣoṣo tó gbàgbé, NEPA ló sì ń bú.

Nígbà tó di oṣù kejì, orúkọ Bàbá jáde gàdàgbà. Adétóyè wọ agbádá kó tó tẹ bọ́tìnnì ìkẹyìn, nítorí ojú ayé. Ó da àdírẹ́sì gígùn tó wà lókè rẹ̀ kọ, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà C, ó fi ránṣẹ́ sí Jacob láti pósófíìsì.

Èsì dé lẹ́yìn oṣù kan. Ẹ̀ẹ̀mejì ló kà á sókè fún Màmá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti rí i. Mo fi han àwọn ọ̀gá mi ní ọ́fíìsì, gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Àwòrán Bàbá tó wà níbẹ̀ pa mí lẹ́kún."

Adétóyè kò rántí pé òun fi àwòrán kankan síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí sọ́fítíwíà yẹn kò lè ṣe.

"Orí tìrẹ náà pé," ni Màmá wí.

Adétóyè yára jáde sí ẹ̀yìnkùlé, kí wọ́n má baà rí omi lójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, Lukman yà kí wọn. Ó wo iṣẹ́ náà, ó yìn ín, ó sì bẹ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà wò.

"Tíṣà, ẹ kò so ó mọ́ wáyà tẹlifóònù," ni ó wí. "Inú àpótí yìí lojú ìwé yín ṣì wà. Ẹni tí kò bá wọ pálọ̀ yìí kò lè rí i."

Màmá gbé ẹ̀gúsí tó ń bó sílẹ̀, ó ní, "Kí wá ni àwọn ọ̀gá Jacob pàtẹ́wọ́ fún?"