Òfin Tí Wọ́n Fi De Erin

Àlọ́ mi já wìì, ó balẹ̀ sínú igbó kan tí ẹ̀rù gbà.

Lẹ́yìn tí àwọn ẹranko lé Ẹkùn, ọba tó ń pa wọ́n jẹ, wọ́n rí i pé igbó tí kò lólórí kò ní pẹ́ tú. Wọ́n fi Erin ṣe olórí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù òun náà ń bà wọ́n. Nítorí náà wọ́n ṣòfin pé Erin kò gbọdọ̀ dá àṣẹ kankan pa láìjẹ́ pé ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i, Òwìwí ni yóò sì máa sọ ohun tí òfin wí. Erin búra.

Nígbà tó yá, ìròyìn dé pé àwọn Ìkookò ń bọ̀. Erin ní, "Ẹ pa òfin tì. Ẹ kó gbogbo àṣẹ fún èmi nìkan, kí n lè gbà yín." Ẹ̀rù àwọn Ìkookò bà wọ́n, wọ́n ti fẹ́ gbà.

Ẹtu, tó kéré jù nínú ìgbìmọ̀, dìde, ó ní, "Bàbá, àwọn Ìkookò ṣì wà lọ́nà. Ẹ̀yin lẹ ti wà níbí."

Erin gbé ẹsẹ̀ sókè, ó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ pa. Òwìwí dá orin:

Erin, kí lo búra lé?
*Òfin jù ọ́ lọ!*
Ta ló fi ọ́ jolórí?
*Òfin jù ọ́ lọ!*

Àwọn ẹranko ń sunkún, wọ́n ń gbè é, wọ́n sì ń lọ dúró ti Ẹtu lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kò fi ku ẹnì kan lẹ́yìn Erin. Ó sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

Gbogbo wọn àti Erin jọ lọ kojú àwọn Ìkookò. Ẹ̀rù olórí kò kúrò lára wọn títí dòní. Ẹ̀rù náà ni wọ́n fi ń ṣọ́ igbó.