Dókítà Tó Pààrọ̀ Èsì Ọpọlọ Ọmọ Rẹ̀

Ẹ má tíì fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ́kọ́ kà á parí ná, pàápàá ẹ̀yin òbí tí orúkọ yín ń dùn lẹ́nu ayé. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́, mi ò sì ní díbọ́n.

1.
Ní ọdún 2006, bí ẹ bá bi Dókítà Bámiṣayọ̀, á ní kò sẹ́ni tó mọ̀ nípa ọmọ tí kì í lè jókòó jẹ́ẹ́ tó òun ní gbogbo Àbújá. Ọmọ Kàbbà ni, Lokogoma ló ń gbé. Ìwádìí tó ti ń ṣe fún ọdún méjì dá lórí àwọn ọmọ tí ọkàn wọn kì í gbé ojú kan, tí wọ́n ń gbàgbé ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wọn. Ó mọ ọ̀rọ̀ ọ́ sọ.

"Ọmọ burúkú kọ́ ni wọ́n," ni ó máa ń wí fáwọn òbí. "Ọpọlọ wọn dà bí ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n tí bíréèkì rẹ̀ ń pẹ́ kó tó mú. Iwájú orí níbí ni bíréèkì yẹn wà. Ẹ má nà wọ́n mọ́!"

Àwọn òbí á pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n nílé ńkọ́? Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Ayọ̀midọ̀tun, ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

"Ìwé ìṣirò ẹ tún dà?"

"Mọ́mì, I don't know. Mo fi sínú báàgì."

"Ọ̀lẹ! Olóríkunkun!" Ẹgba á sì bẹ̀rẹ̀.

2.
Ìwádìí náà ń fẹ́ àwọn ọmọ tí nǹkan kan ò ṣe, tí wọ́n á fi wé àwọn tó ń gba ìtọ́jú. Wọ́n á dé fìlà oníwáyà fún ọmọ, á máa tẹ bọ́tìnnì bó bá rí àwòrán ẹyẹ, kò sì gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ bó bá rí ológbò. Fìlà á máa ka bí ọpọlọ ṣe ń tẹ bíréèkì, ẹ̀rọ tí wáyà rẹ̀ so mọ́ á sì máa gbà á sílẹ̀.

Àwọn ìyá oníṣòwò ní Dutse Alhaji, ní Àbújá níbẹ̀, kọ̀ jálẹ̀ láti mú ọmọ wá. Gàníyátù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta bàtà, ló gbẹnu sọ fún wọn.

"Dókítà, ẹ má bínú o. Ta ni í gbé orí ọmọ ẹ̀ fún àjèjì kó máa fi wáyà yí i ká? Orí lẹ ń sọ yẹn o!"

"Ó dáa. Orí ọmọ tèmi ni n ó kọ́kọ́ gbé síbẹ̀, lójú gbogbo yín."

Ó sì ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n dé fìlà fún Ayọ̀midọ̀tun lójú wọn kí wọ́n tó ní kí àwọn ìyá náà lọ dúró níta, ó wá ku Dókítà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ọkàn Gàníyátù rọ̀, ó fa Abdulqudus ọmọ rẹ̀ kalẹ̀, ọmọ jẹ́jẹ́ tó ń gba ipò kìíní ní kíláàsì. Wọ́n dé fìlà fún òun náà.

3.
Lọ́jọ́ kejì, Mùlíkàt tó ń bójú tó ẹ̀rọ pe Dókítà.

"Mà, ẹ wá wo ti Ayọ̀midọ̀tun. Ó jọ tàwọn ọmọ tó ń gba ìtọ́jú."

Dókítà wò ó. Ó ti rí irú rẹ̀ lára ọmọ tó lé lọ́gọ́rùn-ún. Kíá ló mọ̀ ọ́n. Ohun tó yẹ kó sọ kò ju gbólóhùn kan lọ: ẹ jẹ́ ká tọ́jú ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ó rántí àwọn ìyá tó fi ọmọ yìí yangàn lójú wọn, ó rántí ṣọ́ọ̀ṣì, ó rántí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Ìtìjú mú un.

"Ẹ̀rọ yẹn ti bàjẹ́."

"Mà, ẹ̀rọ ò bàjẹ́ o."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ mi ni? Jáde!"

Mùlíkàt jáde, ó sì pa ẹnu mọ́ nítorí iṣẹ́ rẹ̀. Dókítà gbé èsì ọmọ rẹ̀ fún Abdulqudus, ó gbé ti Abdulqudus fún ọmọ rẹ̀. Ẹ̀rọ nìkan kì í tó láti sọ pé nǹkan ń ṣe ọmọ. Olùkọ́ àti òbí gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè pẹ̀lú. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìdáhùn wọn! Abiyamọ ló ṣe èyí o, ẹ̀yin èèyàn mi.

4.
Wọ́n sọ fún Gàníyátù pé ọmọ rẹ̀ nílò ìtọ́jú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún Abdulqudus lóògùn. Ọmọ ò jẹun mọ́, ọmọ ò sùn mọ́.

"Dókítà, ọmọ mi ti rù kan eegun. Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ìyá Abdulqudus, ṣé mo máa ń kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń ta bàtà?"

Ẹ ò rí ìgbéraga! Ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá, làpálàpá ọ̀hún gan-an ò sì sí. Ayọ̀midọ̀tun ní tirẹ̀ ka kíláàsì kan lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo èsì ìdánwò ló sì ń mú ẹgba wá.

5.
Ní 2008, Dókítà dúró níwájú àwọn èèyàn ńlá nínú gbọ̀ngàn kan. Ó ti ní kí Gàníyátù wá jẹ́rìí sí iṣẹ́ rere tí òun ṣe. Ó gbé àkọsílẹ̀ ọpọlọ "Abdulqudus" sójú pátákó, nítorí òun ló hàn kedere jù. Ó gbàgbé pé ẹ̀rọ yẹn máa ń gba ohùn sílẹ̀ pẹ̀lú. Ohùn ọmọdé kan gba gbogbo gbọ̀ngàn náà:

"Mọ́mì, ẹ má bínú. Mo fẹ́ stop, ọwọ́ mi ló ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nà mí."

Gàníyátù dìde.

"Ọmọ mi kọ́ nìyẹn! Ọmọbìnrin nìyẹn! Dókítà, ta ló ń pè ní Mọ́mì?"

"Kai!" ni ọkùnrin kan wí lẹ́yìn. Mùlíkàt bú sẹ́kún, ó sì tú gbogbo rẹ̀ síta. Kí oṣù yẹn tó parí, wọ́n ti dá oògùn Abdulqudus dúró, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ Dókítà, wọ́n sì da ìwádìí ọdún mẹ́rin nù.

6.
Dókítà délé, ó kúnlẹ̀ níwájú ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ó sọ òtítọ́ fún un. Ayọ̀midọ̀tun ò sunkún.

"Mọ́mì, nígbà tí ẹ ń nà mí, tí ẹ ń pè mí ní ọ̀lẹ, ẹ ti mọ̀?"

Obìnrin tó ní àlàyé fún gbogbo òbí Àbújá kàn mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ náà ní òun fẹ́ lọ bá ìyá àgbà ní Kàbbà, ó sì lọ. Ibẹ̀ ló ti ń gba ìtọ́jú, ó sì ń ṣe dáadáa. Bí ìyá rẹ̀ bá pè é lórí fóònù, á kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bí ẹni ń kí olùkọ́: "Ẹ káàsán, mà." Kò pè é ní Mọ́mì mọ́.

Ẹ̀yin òbí, mo kìlọ̀ fún yín! Àìsàn ọmọ kì í ṣe ẹ̀gàn yín. Ẹ má fi orí ọmọ ra iyì, ẹ má sì gbé ẹrù ọmọ yín lé ọmọ ọlọ́mọ lórí. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má na ọmọ nítorí ohun tí agbára rẹ̀ ò ká. Òótọ́ kì í ṣìnà. Irọ́ ní ń forí gbọgbẹ́.